Ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ "charge"

Ìyá àgbà kan ní Ìsẹ̀ gba ìwé láti báńkì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí "charge" nínú rẹ̀, ó sì wí pé, "Ìyá àgbà, wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn yín." Màmá kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni owó iṣẹ́ ni báńkì yọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Bí ọmọ náà bá ti wo iye owó tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ni, ìbá ti mọ̀ pé kì í ṣe ti ẹjọ́.

Ọwọ́ àwọn ará Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ yìí, inú èdè Látìnì ni ó sì ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí a di ẹrù lé kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ẹrù yìí sọ́kàn. Ọdẹ tí ó ki ẹ̀tù sínú ìbọn, ẹrù ni ó dì sí i. Àwọn ọmọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí ń gbé fóònù kiri láti lọ "ṣáàjì," iná ni wọ́n ń dì sí i. Àlùfáà tí a fi ìjọ lé lọ́wọ́, ẹrù ìjọ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Awakọ̀ tí ń bèèrè owó ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, òun náà ń di ẹrù lé wa (àwọn ọlọ́jà ní ẹrù náà ti pọ̀ jù, èmi kò sì bá wọn jiyàn). Ti ọmọ-ogun tí ń sáré kọlu ọ̀tá, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ológun.

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, ẹ̀bi ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nínú àdúrà Stéfánù (Ìṣe 7:60). Àṣẹ ni fún onítúbú ìlú Fílípì (Ìṣe 16:24). Owó sì ni lẹ́nu Pọ́ọ̀lù (1 Kọ́ríńtì 9:18). Ó ti tó iṣẹ́ fún Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì fún wa.

Ṣùgbọ́n ti ilé-ẹjọ́ ni ó wúwo jù. Ẹni tí a "charge," ẹ̀sùn ni a fi kàn án; a kò tíì dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, kí ọmọ kan tó ti kọ́ọ̀tù dé ilé, wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ ní ìyá olè lọ́jà. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, wí pé aláìṣẹ̀ ni a ó ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ó tún wí pé kí a tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un ní kíkún, ní èdè tí ó yé e. Bí kò bá sì gbọ́ èdè tí a fi ń ṣe ẹjọ́, kí a fún un ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn sí àgbẹ̀ Emùré kan létí ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì bi í bóyá ó jẹ̀bi, kí ó má ṣe mi orí lásán. Kí ó wí pé, "Ẹ̀yin Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù ni yóò dá a lóhùn, kì í ṣe àwọn tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láti gba owó lọ́wọ́ àlejò.