Báwo Ni Aṣojú Wa Ṣe Dìbò?

Ẹ̀yin ará wa ní Kotobabi, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, ilé aṣòfin fọwọ́ sí E-Levy: 1.5% lórí owó momo tó bá ju 100 sídì lọ lóòjọ́. Ẹni tó fi 500 ránṣẹ́, sídì 6 ti lọ. Àwọn NDC bínú jáde. Àwọn NPP tó kù pariwo “bẹ́ẹ̀ ni”, ó parí. Ariwo kì í kọ orúkọ sílẹ̀. Kódà, bóyá àwọn tó jókòó tó 138 di ẹjọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé òfin náà. Ta la fẹ́ bi nípa owó tó ti lọ?

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ ló ń dìbò nílé aṣòfin. A ò gbà! Orúkọ ènìyàn la tẹ̀ka fún. Ẹni tá a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá jẹ́ iṣẹ́.

Bí aṣojú wa bá wá kí wa, ẹ má tọrọ ìrẹsì. Ẹ bi í: “Báwo lẹ ṣe dìbò? Ṣé ẹ ó jà kí wọ́n máa kọ orúkọ sílẹ̀?” Bí kò bá fèsì, ẹ rántí ní 2028.