Eku Ló Ń Pe Ejò Wá Sínú Ọgbà Wa

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, igbe "ejò o!" kì í pẹ́ sọ ní àwọn àdúgbò tuntun tó wà ní Lẹ́kkí, Ìbàfò, Ìkòròdú àti ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Igbó àti àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí katakata tó dé. Omi a kún ihò, ẹranko a máa wá ibi gbígbẹ, àgbàlá wa ló sì máa ń yà sí. Igi, àdá àti òkúta la sábà fi ń pàdé wọn. Ìjàpá tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan a bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Òwìwí tó bà sórí òrùlé, wọ́n á ní àjẹ́ ló rán an. Èrò tèmi ni pé pípa tí à ń pa gbogbo ohun tó bá fàyà fà tàbí tó bà sínú ọgbà kò dáàbò bo ilé wa. Ohun tó ń fa ejò wálé ló yẹ ká dojú kọ, ọwọ́ wa sì ni ohun náà wà.

Ejò kì í jẹ ewé, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ gàrí. Eku, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ẹyin àti òròmọdìẹ ló ń wá kiri. Ibi tí a da ilẹ̀ sí láìbò, ibi tí oúnjẹ adìẹ fọ́n ká sí, ibi tí a to búlọ́ọ̀kù àti igi ìdáná jọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ibẹ̀ ni eku ń bímọ sí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó pa ejò kan, tó fi òkìtì ìdọ̀tí sílẹ̀, ti pàlẹ̀ mọ́ de òmíràn, ó sì ti fi eku sílẹ̀ kó máa gbilẹ̀. Eku náà kò sì kéré ní ewu. Ara rẹ̀ ni ibà Lassa, tí wọ́n dá mọ̀ ní ọdún 1969 tí wọ́n sì fi ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno sọ lórúkọ, ti ń ran ènìyàn, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí àìsàn náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ejò àti òwìwí kò lè bá wa lé Lassa lọ, ṣùgbọ́n eku tí wọ́n bá jẹ lóru kò ní wọ ilé ìdáná wa mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ oró ejò kò gba àríyànjiyàn. Òótọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń ṣekú pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Paramọ́lẹ̀ wà nílẹ̀ wa, oká wà, ejò tó ń tutọ́ oró síni lójú náà wà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn àti ọwọ́ tí a kì bọ abẹ́ igi láìwò ni ejò sábà máa ń bù jẹ. Oká àti paramọ́lẹ̀ a máa ba sójú kan láìmira, àwọ̀ wọn a sì jọ ewé gbígbẹ. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àti bàtà òjò nígbà tí a bá ń ro oko ń dáàbò boni ju igi lọ. Ẹni tó ń lé ejò kiri láti lù ú ló ń gbé ara rẹ̀ súnmọ́ eyín rẹ̀; ejò tó bá rí ọ̀nà, sísá ló máa ń sá.

Wọ́n á tún bi mí pé, ta ló fẹ́ dúró yẹ ejò wò bóyá ó lóró, nígbà tí ọmọdé ń ṣeré nítòsí? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kó ọmọ kúrò, ẹ ta kété sí i, kí àgbàlagbà kan máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè títí yóò fi bá tirẹ̀ lọ. Bí ejò olóró bá há sínú yàrá, tí kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú un jáde, ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú, n kò sì ní dá ẹni tó pa á lẹ́bi. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni kí a máa tú abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá òjòlá kékeré tí kò lóró. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn òjòlá ilé òrìṣà a máa jáde lọ sáàárín ìlú, ẹni tó bá sì bá a nínú ilé rẹ̀ a rọra gbé e padà. A kò ní kí gbogbo ilé di ilé òrìṣà, ṣùgbọ́n a rí i níbẹ̀ pé ìbẹ̀rù ejò kò fi dandan já sí pípa. Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀tá ló rán ejò síni. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn ná. Ẹni tó sì ń da imí ọjọ́ tàbí kẹrosíìnì yí ilé ká ń náwó sórí ohun tí kò sí ẹ̀rí pé ó ń lé ejò.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò wọ́n: kí a gé koríko, kí a gbé igi àti búlọ́ọ̀kù jìnnà sí ògiri, kí a bo ìdọ̀tí, kí a dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fa oró mu, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó mi apá tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Bó bá jẹ́ ojú ni ejò tutọ́ sí, omi tó mọ́ tó sì pọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Abẹ́rẹ́ aporó tí wọ́n ń lò fún oró paramọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, òkè òkun bíi Costa Rica la ti ń kó o wá, oró ejò fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ibí yìí ni kí ẹgbẹ́ onílé ti gbé ohùn sókè: kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí aporó wà ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn, kí ọkọ̀ akólẹ̀ sì máa dé àdúgbò déédéé. Àdúgbò tó bá rí méjèèjì gbà, tí olúkúlùkù sì ń tọ́jú àgbàlá tirẹ̀, yóò rí ejò tó dín kù àti eku tó dín kù, kò sì ní sí ìdí láti pa ìjàpá àti òwìwí mọ́ ọn.