Ẹ Má Tíì Sọ Pé Rédíò Ti Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí iṣẹ́ ọkùnrin lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń nu eruku orí tábìlì lójoojúmọ́ ni ó sún mọ́ rédíò ilé jù lọ.

Ní ọdún 2019, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ilé wa ní Ifákọ̀ kọ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Alátùn-únṣe kan wò ó lóòkán, ó ní ó ti kú pátápátá. Mo ti fẹ́ gbé e fún àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri, àfi bí ìyá ọkọ mi ti ní kí n dúró ná. Nígbà tí a ṣí ilé bátìrì rẹ̀, ohun funfun bí iyọ̀ ti bo gbogbo irin ibẹ̀. Bátìrì tí a gbàgbé sínú rẹ̀ ni ó ti yọ omi. A nù ún, a fi bátìrì tuntun sí i, a tẹ̀ ẹ́, ni ohùn bàbá ọkọ mi tí ó ti dolóògbé bá ń ki àkọ́bí wa ní oríkì. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí èkejì rẹ̀ níbikíbi. Ìyá sunkún. Èmi náà sunkún, nítorí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ìbá sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ibi tí irin ti fara kan irin ni iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ: ẹnu bátìrì, ẹnu wáyà gbohùngbohùn, ihò tí a ń ki wáyà bọ̀, àti inú ohun tí a ń yí kí ohùn lè ròkè. Bí ìdọ̀tí tàbí ìpáàrà bá wọ àárín wọn, ọ̀nà dí nìyẹn. Ifákọ̀ kò jìnnà sí Ọ̀sà Èkó. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ a máa mú kí bàbà ṣú, ọyẹ́ a sì tún kó eruku tirẹ̀ dé.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ sì yọ bátìrì. Ẹ wá òwú tí a fi ń nu etí, kí ẹ sì ra sípíríìtì ní ilé ìtajà oògùn.

Bí bátìrì bá ti yọ omi, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, nítorí omi náà a máa jó awọ ara. Bí a bá kọ “alkaline” sára bátìrì náà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi nu irin ibẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹ fi omi po sódà ìyan àkàrà òyìnbó díẹ̀, kí ẹ fi nù ún. Ẹ fi òwú tí omi rin díẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi sípíríìtì parí rẹ̀.

Bí irin bá ṣì dúdú, ẹ fi rọ́bà tí ọmọ fi ń pa ìwé rẹ́ rọra ha á. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, nítorí yóò bó ara tí a fi bo irin náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹnu wáyà gbohùngbohùn bá ti ṣú, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bó o títí ẹ ó fi rí bàbà tí ń dán. Bí ohùn bá ń há nígbà tí ẹ bá ń yí i sókè, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà 20.

Ẹ má lo károsíìnì, nítorí ọ̀rá rẹ̀ a máa fa eruku. Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ bẹntiróòlù. Sípíríìtì pàápàá a máa gbiná: ẹ gbé e jìnnà sí àdògán àti oògùn ẹ̀fọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gbẹ dáadáa kí ẹ tó tàn án. Ẹ má ṣí ìdí ẹ̀rọ tí ń lo iná ilé. Iná lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ó ni ìyẹn.

Láti òní lọ, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò ní lò fún ìgbà díẹ̀, ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, kí ẹ sì gbé èyí tí ó ti kú jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé. Bí ohùn àgbà ilé yín bá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kí ó bá yín dà á sórí fóònù. A kì í rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà.