Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kì í Ṣe Orúkọ Ohun Gbogbo

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwáwí kan ti ń di bárakú láàrin wa, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ ìgbàlódé. Bí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, a ó ní 'kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì', ó parí. Èwo gan-an ni kò sí?

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe rédíò ní ohun tí kò ní wáyà, àwọn baba wa kò wo wáyà tí kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọgbọ́n yẹn ni mo ní kí a lò.

Ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé ni Lọ́kọ́jà wà. Ó yẹ kí a mọ èbúté. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí èrò àti ẹrù fi ń bọ́ sí ojú títì. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń kàn mọ́ ògiri, tí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sínú wáyà, kí ni ó ń ṣe ju èyí lọ? Èbúté ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó ń pe afárá orí odò ni ó fi pe ẹ̀rọ tí ó ń so wáyà ilé méjì pọ̀ di àgbàlá kan. Afárá yìí ń kíyè sí ẹni tí ń gbé apá ìhín àti ẹni tí ń gbé apá ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mọ̀ pé kò kan apá kejì, kì í jẹ́ kí ó kọjá.

Oníbodè yàtọ̀ sí wọn. Òun ni ó dúró láàrin àgbàlá wa àti ayélujára, tí ó ń wo àdírẹ́sì, tí ó ń yan ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò sábà ń ki mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń dà wọ́n pọ̀.

Bí oníbodè bá dákú tí èbúté ṣì ń ṣiṣẹ́, tẹlifóònù yóò so mọ́ ọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò tẹ̀wé, ṣùgbọ́n ayélujára kò ní wọlé. Olùkọ́ tí ó ní orúkọ kan fún nǹkan mẹ́ta yóò máa tú èyí tí kò bàjẹ́, níṣojú àwọn ọmọ Kàbà tàbí Ìsánlú tí ó yẹ kí ó kọ́.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá. Ìlànà àkọ́kọ́ fún ohun tí a ń pè ní Wi-Fi lónìí kò jáde títí di 1997. Wọn kò lè sọ ọmọ tí a kò tí ì bí lórúkọ. Àwa ni ó kàn. Mo bẹ Ẹ̀ka Yorùbá kí ó tẹ èbúté, afárá àti oníbodè fún wa kí a tó tún lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ẹni tí èbúté kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó mú èyí tí ó sàn jù ú lọ wá.