Ìtàkùn Inú Pálọ̀ àti Omi Inú Ìgò Rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ ìtàkùn tí à ń gbìn sínú pálọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, èyí tí a ń pè ní money plant.

Erékùṣù Moorea, ní agbami Òkun Pàsífíìkì, ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan kókò wa ni í ṣe. Kò fẹ́ oòrùn gangan. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tó fún un. Kí ìdí ìkòkò rẹ̀ ní ihò, kí a má sì bu omi sí i àfi ìgbà tí òkè iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ, nítorí omi àpọ̀jù a máa mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Nígbà ọyẹ́, kí a fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lára ewé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé, kí ó kì í bọ inú ìgò omi. Yóò ta gbòǹgbò.

Ìgò yìí gan-an ni ewu wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, omi inú rẹ̀ a máa wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tanwíjí a sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri a máa yé sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní Kúbà pé ẹ̀fọn ni í gbé àìsàn náà. Ní 1927, Dókítà Adrian Stokes, tí ó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Èkó, kú nípasẹ̀ àìsàn yìí kan náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà nísisìyí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbà á nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fọ inú ìgò dáradára, nítorí ẹyin ẹ̀fọn a máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà sí àwo abẹ́ ìkòkò.

Pẹ̀lúpẹ̀lú, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹni tí ó ti jẹ kókò tí kò jinná rí mọ bí ó ti ń ta ẹnu àti ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀ ni ewé yìí rí. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ fọ ẹnu rẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú, ẹ má ṣe jáfara láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Kí ẹ̀ṣọ́ ilé wa má ṣe di ilé ẹ̀fọn.