Ilé Kò Tẹ̀, Kámẹ́rà Ló Tẹ̀

Inú ń bí mi sí irú àwòrán ilé tí a ń yà kiri Ọ̀tà. Ayàwòrán a dúró lẹ́bàá ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, a gbé ojú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọlé, ògiri méjèèjì a sì máa sún mọ́ra lókè, bí ẹni pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Birikilà tó fi okùn wọn ògiri náà kò jẹ̀bi.

Àwọn kan ní bí ojú ṣe ń rí i nìyẹn. N kò gbà. Ọpọlọ ti máa ń tún un ṣe kí a tó fura; àwòrán kò ní ọpọlọ.

Àwọn mìíràn ní kọ̀ǹpútà yóò tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà a máa na òkè àwòrán, a sì gé etí rẹ̀ dànù. Ẹ wo Faith Tabernacle ní Canaanland, tí wọ́n ṣí ní 1999 fún 50,000 ènìyàn: fífẹ̀ ló fi tóbi. Ẹ nà án sókè, ó di ilé mìíràn!

Bí wọ́n bá wó ilé àtijọ́ àwọn Àwórì kan lọ́la, àwòrán ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe rí. Nítorí náà, ẹ fà sẹ́yìn, tàbí kí ẹ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí i, kí kámẹ́rà dúró ṣánṣán. Láti 1962 ni Nikon ti ń ta lẹ́ńsì tí a lè sún sókè láìgbé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sókè. Ó wọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe títà.