Gbogbo Ìgbà Tí Gíríìdì Bá Ṣubú, Irin Ń Kà Á

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gíríìdì, ìyẹn okùn iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè yìí pọ̀, ṣubú láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024: lọ́jọ́ 14, lọ́jọ́ 15 àti lọ́jọ́ 19. Kí ọdún náà tó parí, iye ìgbà tó ṣubú ti lé ní mẹ́wàá. Ohun tí aráàlú ń sọ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá: ẹja tó bàjẹ́ nínú fíríìjì, iṣẹ́ tó dúró, owó epo jẹnẹrétọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpalára mìíràn wà tí ojú kì í rí, nítorí inú irin ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ará Jámánì kan, August Wöhler, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tó ń da àwọn ẹlẹ́rọ láàmú nígbà náà ni pé ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀ a máa ṣàdédé kán, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kò tó èyí tó yẹ kó ṣẹ́ ẹ. Wöhler ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá irin lábẹ́ ẹrù, ó sì ń ka ìyípo kọ̀ọ̀kan títí irin fi kán. Iṣẹ́ tó gbé jáde láàárín ọdún 1858 sí 1870 fi hàn pé kì í ṣe ìwọ̀n ẹrù nìkan ló ń ba irin jẹ́, iye ìgbà tí ẹrù náà ń lọ tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọdé tó ti ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí ó fi já ti rí i. Àárẹ̀ irin nìyẹn.

Àìsàn kejì ni nínà. Ní ọdún 1910, onímọ̀ físíìsì ọmọ bíbí ìlú London kan, Edward Andrade, gbé ìwádìí jáde lórí wáyà òjé tó so ẹrù rọ̀ mọ́. Ẹrù kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ wáyà ń gùn sí i. Òjé ń ṣe èyí láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Irin líle ní tirẹ̀ ń dúró de ooru ńlá.

Irú ooru bẹ́ẹ̀ ló wà ní Egbin, lágbègbè Ìkòròdú, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà wà, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹgawáàtì 220. Ní iléeṣẹ́ ńlá tó ń fi oru omi yí tọ́báìnì, oru náà a máa gbóná ju ìwọ̀n Celsius 500 lọ. Páìpù àti tọ́báìnì ń nà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀; àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mọ̀, wọ́n sì fi wákàtí ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gíríìdì bá ṣubú, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ já kúrò lójú ẹsẹ̀. Ara irin a tutù kí inú rẹ̀ tó tutù. Apá kan ń sún kì, èkejì kọ̀. Bí wọ́n bá tún tan án, ìfà náà a yí padà. Títẹ̀ wáyà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé àìsàn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́: nínà a máa dá ihò wẹ́wẹ́ sínú irin, sísán tí àárẹ̀ bá mú wá a sì gba ojú ihò wọ̀nyẹn kọjá. Àwọn tọ́báìnì tó ń lo gáàsì, irú èyí tó wà ní Ọlọ́runṣògo àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, kò bọ́ nínú rẹ̀. Iná inú wọn ju 1,000 lọ, iye ìgbà tí a tan wọ́n sì wà lára ohun tí a fi ń mọ ìgbà tí wọ́n yẹ fún àtúnṣe.

Bí àwọn aláṣẹ bá sọ̀rọ̀ iná, mẹgawáàtì ni wọ́n máa ń kà fún wa. Lójú tèmi, ìdajì ìṣirò nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà ìpele A dé náírà 225 fún yúníìtì kan nígbà náà. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan já lọ́dún, àti ìgbà tí wọ́n yẹ páìpù rẹ̀ wò kẹ́yìn. Àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, lè ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ jáde. Kò ná wọn ní nǹkan kan tó pọ̀. Ẹ̀yà tọ́báìnì tó bá kán ńkọ́? Òkè òkun la ti ń rà á, dọ́là la sì fi ń rà á.